Ọjọ́ tí Kọ̀ǹpútà Fẹ̀sùn Kàn Mí

Ẹ̀yin ọmọ àbúrò mi, nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì ń yá láti Ìlódè dé Òkè-Ogbó ní Ifẹ̀ níbí láìwọ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tì bọ àpò. Ẹ gbọ́ o, a máa ń bọ́ bàtà kí á tó wọlé tọ̀ ọ́! Aṣọ la fi ń bò ó nírọ̀lẹ́ bí ọmọ tuntun. Lónìí ńkọ́? Ẹ̀ ń gbé e wọ ilé ìyàgbẹ́…

Mo ń bá ọ̀gá kan tàípù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹnì kankan ò kọ́ mi. Mo wò, mo tẹ̀ ẹ́, mo mọ̀ ọ́n. Ojú kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn dúdú, lẹ́tà ń tàn lórí rẹ̀, ó tán. Tóo bá ṣe tán, pa á, máa lọ ilé.

Àfi bí ọ̀gá ṣe mú ọkùnrin kan wá láti Ìbàdàn. Ó yọ ètò àtijọ́ tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀, ó fi tuntun sí i. Háà! Ojú dúdú lọ, àwọ̀ aró dé. Àwòrán kéékèèké tò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n so nǹkan onírù kan mọ́ ọn, wọ́n ní máòsì ni. Mo tì í sọ́tùn-ún, ọfà kékeré kan sáré lọ sọ́tùn-ún. Mo gbé e sókè, ọfà ò lọ mọ́. Kí ló dé? Mo yí i padà, mo wo ikùn rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ló wà níbẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé o ò gbọdọ̀ kàn pa á mọ́. O ní láti dágbére. Yóò ní kóo dúró ná, kó tó yọ̀ǹda pé kóo paná. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Wọ́n ní, "Ó kúkú lẹ́kọ̀ọ́ ju ẹ̀yin ọmọ mi lọ."

Àmọ́ ṣé iná Ifẹ̀ máa ń dágbére? Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń tàípù lọ́wọ́, iná lọ. Mo dúró, dúró, kò dé. Mo bo kọ̀ǹpútà, mo lọ ilé. Ọ̀gá ló tàn án láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí ló kọ sójú? Pé ẹni tó lò ó kẹ́yìn ò pa á bó ṣe yẹ!

"Ìyá Bọ́lá, ṣé o fẹ́ bà á jẹ́ ni? Ilé ọkọ lò ń sáré lọ?"

"Ọ̀gá, iná ló lọ."

"Kọ̀ǹpútà kì í parọ́! Bí mo bá tún rí i, wá iṣẹ́ mìíràn."

Inú bí mi! Iṣẹ́ tí mo fi ń tọ́mọ. Ta ló pe kọ̀ǹpútà wá jẹ́rìí? Ṣé ó rí mi ni?

Kò pẹ́ sígbà náà, ọ̀gá fúnra rẹ̀ jókòó, ó ń tàípù ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kà níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Iná lọ. Nígbà tó dé, ó tan kọ̀ǹpútà. Ẹ̀sùn yẹn náà tún jáde, gbàgàdà! Ọ̀gá wò ó. Ó wò mí.

"Èmi?"

Mo ní, "Kọ̀ǹpútà kì í parọ́, ọ̀gá."

Ó nu gíláàsì ojú rẹ̀ títí, ó dìde lórí àga. "Ìyá Bọ́lá, jọ̀ọ́, wá bá mi tún ọ̀rọ̀ yìí tàípù." Kò tọrọ àforíjì o. Ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ halẹ̀ mọ́ mi mọ́.

Ẹ̀yin náà wá ńkọ́, tí fóònù ń ṣe ẹlẹ́rìí yín? "Ó ti ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́, kò dá mi lóhùn!" Ìjà dé. Ṣé fóònù mọ̀ bóyá ẹni yẹn ń sunkún ni? Ẹ dìde, ẹ lọ bá a nílé, kí ẹ bi í… Hùn. Ẹsẹ̀ kúkú wà.