Gíláàsì Iná Lọ́rì Alhaja

Láàárín àwọn ọdún 1980, mo gbé bátìrì lọ sí ìsọ̀ oníṣẹ́ iná ọkọ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ibẹ̀ ni mo ti bá Alhaja kan, tó ni lọ́rì àtijọ́ kan, àti dẹ́rẹ́bà rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀.

"Alhaja, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká ra iná iwájú tuntun. Gíláàsì yìí ti di bàìbàì. Ní ìdájí àná, díẹ̀ ló kù kí n tẹ ewúrẹ́ kan pa ní Odògbolú."

"Gíláàsì ò bàjẹ́. Rọ́bà etí ẹ̀ ló já, tí eruku ọ̀nà Ìbẹfún fi wọnú ẹ̀. Ìwọ náà wá ń nu ẹ̀yìn ẹ̀ lójoojúmọ́, bí ẹni ń fọ ẹ̀yìn ìkòkò tí ọbẹ̀ jó nínú ẹ̀. Oníṣẹ́ iná ti tú u. Gbé e wá."

"Ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́, Alhaja. Aṣọ yín á bàjẹ́."

"Jẹ́ kó bàjẹ́. Gàrí tí mo tà kí n tó ra lọ́rì yìí, ọwọ́ yìí náà ló yan án."

Ọṣẹ dúdú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló fi fọ̀ ọ́, tinú tẹ̀yìn, títí tí mo fi ń rí ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láti òdìkejì gíláàsì. Oníṣẹ́ iná fi rọ́bà tuntun dè é padà.

"Tàn án."

"Alhaja, ọ̀sán gangan rèé! Ta ló fẹ́ rí i?"

"Mo ní kó o tàn án. Kí àwọn tó ń sọ pé obìnrin kì í ní lọ́rì fọwọ́ bojú."