Àmù Tí Efúnbọ́lá Kò Parí

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ibi tí a jókòó sí yìí ṣì jẹ́ igbó kìjikìji, tí ẹtu ń jẹ̀ níbi tí ẹ na ẹsẹ̀ sí yẹn, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Omíyalé. Òun ló ṣẹ̀ wá sílẹ̀. Ẹ jókòó dáadáa, ìtàn ìyá ńlá ẹni kì í ṣe ohun tí à ń gbọ́ ní ìdùbúlẹ̀.

Omíyalé ló rí amọ̀ dúdú létí odò ìsàlẹ̀. Ó wa amọ̀, ó ru amọ̀, ó gún amọ̀, títí ọrùn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú èjìká. Òun ló kọ́ àwọn obìnrin tó sá ogun wá bá a ní iṣẹ́ ìkòkò mímọ. Bí a bá ń jẹ tí à ń mu lónìí, òógùn rẹ̀ ni. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ wí pé mò ń bú ìyá ńlá mi.

Nínú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, Efúnbọ́lá nìkan ló lè mọ àmù ńlá, èyí tí àgbà méjì ń gbé, tí omi inú rẹ̀ ń tutù nini lójú ọ̀gbẹlẹ̀. Bó bá ń mọ ọ́, ṣe ni yóò máa fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, yóò máa kọrin sí i. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń wá ra àmù náà.

Ṣùgbọ́n Omíyalé gbàgbọ́ pé ìyìn ń ba ọwọ́ òṣìṣẹ́ jẹ́. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Obìnrin tó gbọ́n tó báyẹn! Ṣé kò gbọ́ yinni yinni kí ẹni ṣe òmíràn ni? Bí Efúnbọ́lá bá ti parí àmù, Omíyalé á dé, á ki ọwọ́ bọ omi, á tún ẹnu àmù náà ṣe díẹ̀, á sì lọ. Kò ní bú u, kò ní yìn ín. Àmù gbogbo, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Kò sí ohun tó ṣe ẹnu àmù yẹn o! Ọwọ́ ọ̀gá ló ń yún un. Lójú tirẹ̀, ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Efúnbọ́lá ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ẹnu àmù mi ò dáa." Ó farabalẹ̀ sí i, ọ̀gá tún un ṣe. Ó tún farabalẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀gá ṣì tún un ṣe. Nígbà tó yá, kò mọ ẹnu àmù mọ́ rárá. Bó bá mọ ọ́n dé ọrùn, á jókòó, á gbé ọwọ́ lé itan, á máa retí ọ̀gá. Orin dáwọ́ dúró. Omíyalé rí i, ó ní ọmọ náà ti ya ọ̀lẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Efúnbọ́lá fọ ọwọ́, ó kí gbogbo wọn pé ó dàbọ̀, ó lọ ń gbin ẹ̀fọ́ ní abúlé òdìkejì odò. Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, àwọn oníbàárà dé, kò sí àmù. Omíyalé gbìyànjú láti mọ ọ́n títí, ọrùn àmù ń ya lulẹ̀. Ó ká ìró, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Efúnbọ́lá, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe mí, Ìyá. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ọwọ́ yín ni, Ìyá. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́ fún mi."

Omíyalé kúnlẹ̀. Àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọdé! Ó ní, "Mi ò tíì rí àmù tó dára tó tìrẹ láyé mi. Láti ọjọ́ tí o ti mọ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀."

Efúnbọ́lá bú sẹ́kún. "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ nígbà náà?"

Ó bá a padà wá, torí ó fẹ́ràn ọ̀gá rẹ̀. Ó mọ àmù, ó mọ ọ́n dé ọrùn, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbójú sókè wo ọ̀gá. "Ìyá, ẹ bá mi parí ẹ̀."

Omíyalé ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Parí ẹ̀, ọmọ mi. Ó dára. Ọwọ́ mi ò ní kàn án."

Wọ́n dúró títí oòrùn fi mú kí amọ̀ náà gbẹ, tó sì sán. Efúnbọ́lá ò lè parí rẹ̀. Ó padà sídìí ẹ̀fọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló kú sí. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni, torí ẹni tó gbà pé òun ò mọ nǹkan, kí ló fẹ́ fi kọ́ni? Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Láti ìgbà náà ni Omíyalé ti fi í lélẹ̀ fún wa: bí ẹnikẹ́ni bá gbé iṣẹ́ wá, olórí agbo ilé á ká ọwọ́ sẹ́yìn. Á kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ibi tó dára, kí gbogbo ènìyàn gbọ́, kó tó béèrè bóyá òun lè fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí mi bẹ́ẹ̀, tí ẹ ń rò pé ẹ̀yìn ló ń ro mí. Ìṣaasùn wa dára, àwo wa dára, ayé ń yìn wá. Ṣùgbọ́n àmù ńlá tí ẹ ti bu omi mu láàárọ̀ yìí, ọwọ́ ará ibòmíràn ni a ti rà á.