Àmùrè Tó Bá Wa Gbé Bàbá Ṣeun Délé

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé iwájú pẹpẹ yìí lónìí, òun ni mo kọ́kọ́ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Haleluyah! Ẹ jẹ́ kó dún jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má wo ojú mi. Mo mọ̀ pé ojú mi ò jọ ojú ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí. Bó ṣe wà nìyẹn láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ ní Ìkìrun á mọ ọkọ mi, Bàbá Ṣeun. Dírẹ́bà ni wọ́n, Kàdúná la sì ń gbé. Pijó 504 ni wọ́n ń wà, sítéṣọ̀n wágọ̀n, èyí tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ eighties, kí gbogbo nǹkan tó di ọ̀wọ́n. Tí a bá wálé fún Kérésì, iyàn ọkọ̀ ni ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Dàpọ̀, máa ń jà láti àárọ̀. Ọkọ̀ wo ló dáa jù fún ọ̀nà jíjìn? Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Bàbá Dàpọ̀ ní Òṣogbo, Datsun ni wọ́n ní, wọ́n á ní kò sí ọkọ̀ tó mọ epo ṣọ́ bíi tiwọn. Ọkọ mi á ní Datsun dáa, ó dáa gan-an fún ẹni tó fẹ́ lọ kí àna rẹ̀ ní Ìníṣà kó sì padà wá jẹun ọ̀sán. Tí ẹlòmíì bá dárúkọ Santana, wọ́n á ní inú rẹ̀ tutù bí ilé olówó. Tó bá jẹ́ Mazda, wọ́n á ní ó mọ títì í sá. Ṣùgbọ́n tó bá ti di Kàdúná sí Ìkìrun, tí ẹrù wà lórí, tí èèyàn kún inú, wọ́n á gbá àyà, wọ́n á ní, "Ẹ fún mi ní Pijó mi jàre!"

Wọ́n á tún wá fi ọ̀rọ̀ kan tì í, èyí tí mo ti gbọ́ títí tó fi sú mi. Wọ́n á ní, "Ọkọ̀ yòówù kó jẹ́, tí oòrùn bá pa á lọ́nà, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ẹ fún un lómi." Èmi á pòṣé nínú kíṣìnnì.

Àìsàn ẹ̀dọ̀ ló pa wọ́n. Ikùn wọn wú, ojú wọn pọ́n, wọ́n dá wọn dúró sí ọsibítù. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kú, mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kàdúná pé kí wọ́n bá mi gbàdúrà sí omi. Sùtánà ló wà lọ́rùn mi, mo di àmùrè mi, mo fi ẹsẹ̀ lásán rìn padà pẹ̀lú ìgò omi àdúrà lọ́wọ́. Nígbà tí mo dé, bẹ́ẹ̀dì ti ṣófo. Omi ṣì kún inú ìgò, ẹni tí mo gbé e wá fún ò sí mọ́. Ẹ̀yin ará, mi ò mọ bí mo ṣe délé lọ́jọ́ náà.

Bàbá Dàpọ̀ àti àbúrò bàbá wọn lóbìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìbà, ló wá gbé òkú. Bàbá Dàpọ̀ ò tilẹ̀ tíì jókòó tí wọ́n fi bi mí pé, "Níbo lo wà nígbà tí àbúrò mi ń kú lọ?" Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n ní kí ló wà nínú ìgò ọwọ́ mi. Mo ní omi ni. Wọ́n wo Màmá Ìbà, Màmá Ìbà wo ilẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi pé èmi ni wọ́n ń fura sí.

Mo fi àwọn ọmọ mi méjèèjì, Ṣeun àti Bísí, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ìjọ kan. Bàbá Dàpọ̀ ní àwọn máa fúnra àwọn wa Pijó náà, ẹni tó jẹ́ pé Òṣogbo sí Ìkìrun ni wọ́n mọ̀. A gbé pósí sẹ́yìn, èmi jókòó tì í. Aṣọ dúdú ni mo wọ̀, ṣùgbọ́n mo fi àmùrè funfun mi di ikùn mọ́ra lábẹ́ rẹ̀, nítorí inú mi dà bíi pé ó ti ṣí sílẹ̀.

Ẹ mọ bá a ṣe ń gbé òkú wálé. Ìlú tẹ́ ẹ bá dé, ẹ ó dá a lóhùn, ẹ ó sọ fún un pé ibi báyìí la dé o, kó má baà ṣìnà. Mo la ẹnu pé kí n máa ṣe é. Bàbá Dàpọ̀ ní kí n panu mọ́.

Oòrùn ọjọ́ náà ò ṣeé sọ. A kọjá Mọ́kúwà díẹ̀, ọkọ̀ kú. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn ò rí nǹkan kan. Ni wọ́n bá lọ dúró ti pósí, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́: "Àbúrò mi, jẹ́ ká lọ ilé. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ṣe ọ́, fi hàn wá." Wọ́n bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n máa padà sídìí ọkọ̀, ó ṣiṣẹ́. Ká tó dé Jẹ́bà, ó tún kú. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo lọ jókòó sábẹ́ igi, wọ́n tún ń bẹ òkú. Ó pẹ́. Ọkọ̀ ṣiṣẹ́. Bàbá Dàpọ̀ wá na ìka sí mi, wọ́n ní, "Màmá, ẹ rí i? Àfìgbà tó sọ̀!"

Ẹ̀yin ará, kí lẹ máa sọ sí i? Èmi alára bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé ṣé mo ṣe nǹkan ni.

A kọjá Bódè Sáàdú, ọkọ̀ kú lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá Dàpọ̀ gbé báàgì mi, wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Wọ́n ní, "Jẹ́wọ́. Tó ò bá jẹ́wọ́, ibí lo máa wà. Mo fẹ́ já ọ sílẹ̀ ní Òkukù, nílé bàbá rẹ, ṣùgbọ́n àbúrò mi ò gbà kó o bá òun débẹ̀ pàápàá. A ó lọ kó Ṣeun àti Bísí wá. Ẹni tó pa bàbá wọn ò ní tọ́ wọn." Ọkọ mi ti lọ, wọ́n tún fẹ́ gba ọmọ mi, wọ́n sì fẹ́ kí n máa jẹ́ apààyàn títí ayé. Mo wó lulẹ̀ lórí eruku. Mo fẹ́ pe Jésù. Ẹ̀yin wòlíì, ẹ má bínú, orúkọ ọkọ mi ló jáde lẹ́nu mi: "Bàbá Ṣeun, ẹ gbà mí o!"

Ẹ gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe. Ohùn ìjiyàn Kérésì yẹn ló sọ sí mi létí: òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ẹ fún un lómi. Mo wá rántí. Tí a bá ń bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n máa ń rẹ àkísà sómi, wọ́n á fi wé nǹkan roboto kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń fa pẹtiróòlù. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ojú ló mọ̀ ọ́n.

Mo tú àmùrè lára mi, mo mú ìgò omi àdúrà tí mo ti ń gbé dání láti Kàdúná. Bàbá Dàpọ̀ pariwo, "Ó fẹ́ da oògùn sí i!" Wọ́n fẹ́ gbá ìgò dànù. Màmá Ìbà, tí wọn ò tíì sọ gbólóhùn kan láti Kàdúná, ní, "Fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó ṣe é lójú wa." Mo rẹ àmùrè, mo fi wé e. Ó dún ṣùù. Mo da ìyókù omi lé e. Omi tí ọkọ mi ò mu, ọkọ̀ wọn mu ún.

Màmá Ìbà ní, "Ìyàwó, wọlé. Jókòó síbi tó o jókòó sí." Mo wọlé, mo gbé ọwọ́ lé pósí. Bàbá Dàpọ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbá! Haleluyah! Èmi nínú rẹ̀ o! Ẹnikẹ́ni ò bẹ òkú! Ẹ̀yìn ìgbà náà ló yé mi pé bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́ pẹ́ tó yẹn, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí, ńṣe ni ẹ́ńjìnnì ń tutù.

A gbéra. Màmá Ìbà wá ní, "Ìyàwó, ìwọ ni kó o máa bá ọkọ rẹ sọ̀rọ̀." Mo bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ṣeun, a dé Ìlọrin o. Bàbá Ṣeun, Ọ̀fà rèé. Ní Òkukù, a gba iwájú ilé bàbá mi kọjá, ìyá mi káwọ́ lérí lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ̀ ò dúró. Bàbá Ṣeun, Ìníṣà nìyí, ibi tẹ́ ẹ fi ń bú Datsun. Ìgbà tá a wọ Ìkìrun, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu mi mọ́. Tí mo bá sọ ọ́, ó parí nìyẹn. Màmá Ìbà ní, "Sọ fún un." Mo ní, "Bàbá Ṣeun, ẹ ti délé."

Ẹnikẹ́ni ò ní kí n búra. Ọwọ́ mi ni àwọn ọmọ mi wà dòní, ẹ̀yin náà ń rí wọn nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ọ̀dọ̀ Bàbá Dàpọ̀ ni àwọn ẹbí ní kí ọkọ̀ wà, mi ò bá wọn jà.

Ìdí tí mo fi dìde lónìí ni pé Bàbá Dàpọ̀ wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa wọ ilé mi. Wọ́n di nǹkan sínú bébà, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, gbogbo ìgbà tí mo bá ń lọ ibi tó jìn, òun ni mo ń rẹ sómi. Mo ti ta ọkọ̀ náà. Mi ò lè ta àmùrè yìí mọ́ ọn." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́," wọ́n sì sunkún, àgbàlagbà bí wọ́n ṣe tó.

Òun rèé lọ́wọ́ mi. Ẹ wò ó dáadáa. Funfun ni tẹ́lẹ̀, ó ti dúdú. Ìyá ìjọ wa níbí ní kí n fọ̀ ọ́ kí n tó gbé e wá síwájú pẹpẹ. Ẹ dárí jì mí, mi ò fọ̀ ọ́. Òórùn pẹtiróòlù ló ń rùn, bí ọkọ mi ṣe máa ń rùn nígbà tí wọ́n bá ti ọ̀nà jíjìn dé.

Ẹ dìde, ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run tó dá mi láre. Ẹ bá mi yọ̀. Èmi náà ń gbìyànjú rẹ̀.