Ìròyìn Tí Wọ́n Fi Pamọ́ De Jímọ̀

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ ti Tàófíìk kò tilẹ̀ tíì rìn tó bẹ́ẹ̀ tí òtítọ́ fi dì í mú lápá. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí à ń wí yìí, ó jókòó nínú sítúdíò rédíò kékeré kan n'Ígbó-Ọrà, níbi tó ti sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ tí gbogbo Ìbàràpá fi sọ ọ́ ní Agogo. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá là á lónìí, òun kò ní ní ohùn tí òun yóò fi là á mọ́ láéláé. Jẹjẹrẹ ti wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Dókítà n'Íbàdàn ti sọ fún un láìfi bò pé tí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá dé, àwọn yóò gé ibi tí ohùn ti ń jáde kúrò. Ó ní ẹ̀mí lè kù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ ti parí. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ fi ní kó wá dágbére fún àwọn olùgbọ́ rẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀yìn ìrun Jímọ̀, àkókò rẹ̀ àtijọ́, nígbà tí gbogbo ayé bá ti mọ́ṣáláṣí dé tí wọ́n sì jókòó ti oúnjẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé e ṣíwájú ìrun. Ó ní ọ̀fun òun kì í gbà mọ́ bí ọ̀sán bá ti pọ́n. Bẹ́ẹ̀ ló wí, wọ́n sì gbà á gbọ́.

Moyọ̀sọ́rẹ ló jókòó sí òdìkejì gíláàsì, níbi tí wọ́n ti ń darí ohùn. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà ni báyìí, ọ̀gá àgbà kì í sì í fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnì, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ fi yẹ́ ẹ̀gbọ́n òun sí ni. Nígbà tí Agogo wà lójú ọpọ́n, ọmọbìnrin tó ń dáhùn fóònù ni Moyọ̀sọ́rẹ yìí. Àwọn méjèèjì kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó wo ojú ẹnì kejì pẹ́. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Iná pupa tàn lórí ilẹ̀kùn. Tàófíìk mu omi díẹ̀, ó fa máìkì mọ́ra.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ń ha bí ìgbà tí wọ́n ń fọ ìkòkò. "Wọ́n ní kí n wá dágbére. Ìdágbére kọ́ ni mo bá wá. Òkú kan ló wà lọ́rùn mi, mo sì fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí n tó ya odi. Ẹ rántí Àbdùlàhí, ọmọ Ìdèrè, tí wọ́n lù pa lójú ọ̀nà, tí wọ́n ní ajọ́mọgbé ni. Èmi ni mo pa á."

Moyọ̀sọ́rẹ gbé orí sókè. Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnì tó lè pa ohùn ọ̀hún, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀.

Tàófíìk kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ Jímọ̀ kan, ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí Ṣàkírát, ìyàwó àbúrò Àbdùlàhí, sáré wọ ilé iṣẹ́ rédíò láìwọ bàtà. Àmírà ọmọ rẹ̀, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, kò sí ní ilé kéú tó fi í sí. Aládùúgbò kan rí ọkùnrin kan tó wọ bùbá aláwọ̀ ewé, tó gbé ọmọ náà síwájú ọ̀kadà, tó sì kọrí sí ọ̀nà Ìdèrè. Àkókò náà sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ajọ́mọgbé gbòde, tí ìyá kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dá lọ ra iyọ̀ níwájú ilé. Tàófíìk gbé ọ̀rọ̀ náà sáfẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Àgbẹ̀ á so rédíò tirẹ̀ kọ́ ẹ̀ka igi lóko, ọlọ́kadà á so tirẹ̀ mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà, ẹni tí kò bá gbọ́ nílé á gbọ́ lọ́nà. Kò sí ọ̀nà tó yá ju èyí lọ láti wá ọmọ ní Ìbàràpá.

"Ibi tí mo ti ṣe dáadáa mọ nìyẹn, ó parí síbẹ̀," ni Agogo wí.

Nítorí pé ọmọ kò sọnù. Àbdùlàhí, tí Ṣàkírát ń pè ní Bàbá Rùkáyyàh, ló lọ mú un. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Ìdèrè, ìyá náà sì ní òun fẹ́ fojú kan ọmọ-ọmọ òun. Ní ilẹ̀ wa, ta ló ń gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyàwó kó tó mú ọmọ àbúrò rẹ̀ lọ kí ìyá àgbà? Ó ní kí ìyàwó ààfáà ilé kéú bá òun sọ fún ìyá ọmọ. Ìyàwó ààfáà ní ó dáa, ó wọ ẹ̀yìnkùlé lọ gbálẹ̀, ó sì gbàgbé. Nígbà tó rántí, ó ká ọwọ́ lérí, ó sáré lọ bá Ṣàkírát, Ṣàkírát sì gbá fóònù mú. Wọn kò tíì pe ìrun Jímọ̀ nígbà náà. Àwọn ọkùnrin ṣì ń wẹ̀ ni.

Ohun tó sọ lórí fóònù ni pé, "Ẹ gbà mí, ẹ sọ fún wọn pé a ti rí i o! Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló mú un. Kí wọ́n má wá a mọ́! Alihamudulilai!"

Ìgbà tí Agogo dé ibẹ̀ yìí ni ohùn rẹ̀ dédé kú létí ara rẹ̀. Ìpolówó ọṣẹ ló gba afẹ́fẹ́. Moyọ̀sọ́rẹ ti tẹ bọ́tìnì, ó ti ilẹ̀kùn wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo ṣe fún yín? Ẹ̀yin ń lọ tiyín. Kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe fún yín mọ́. Èmi ń kọ́? Èmi tí mò ń gbé ìlú yìí, tí mò ń tọ́mọ níbí?"

"Orúkọ rẹ kò ní jáde lẹ́nu mi."

"Wọ́n á béèrè ẹni tó gbé fóònù. Ṣé ọmọdé ni wọ́n ni?"

"Moyọ̀, Ìyá Àmírà ń kọ́? Ọdún wo lo rí i kẹ́yìn?"

Moyọ̀sọ́rẹ mọ̀ pé Lánlátẹ̀ ni Ṣàkírát wà, tó ń yan gàrí, tí ọmọ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ ẹbí ọkọ ní Ìdèrè. Ìpolówó ọṣẹ parí, ti oògùn ajílẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó jáde, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, iná pupa sì tún tàn.

Tàófíìk gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi tó wà. Ó ní wọ́n jẹ́ iṣẹ́ ìyá ọmọ náà fún òun ní kíákíá, kò sí ẹni tó fi falẹ̀. Òun lòun fi falẹ̀. Fóònù ilé iṣẹ́ kò sinmi ní gbogbo òwúrọ̀ yẹn. Wọ́n ń pè láti Èrúwà, láti Ayétẹ̀, láti oko tí kò lórúkọ. Kò sígbà tí èèyàn tó báyẹn gbọ́ Agogo rí. Ètò rẹ̀ gan-an sì di ẹ̀yìn ìrun. Ó rò ó lọ́kàn pé bí òun bá sọ ọ́ báyìí pé wọ́n ti rí ọmọ, oníkálukú á pa rédíò rẹ̀, kí ni òun yóò wá fi pè wọ́n padà?

"Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ," ó wí. "Mo ní, 'Ẹ fi pamọ́. Bí wọ́n bá ti Jímọ̀ dé ni a ó tú u, gbogbo ìlú á hó.' Wọ́n rán mi létí pé àwọn èèyàn ṣì ń wá ọkùnrin yẹn kiri. Mo ní ó ti dé Ìdèrè láti ìgbà yìí. Ta ló sọ fún mi? Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Olórí burúkú ni mí."

Àbdùlàhí kò tíì dé Ìdèrè. Ó yà sí oko láti wa iṣu méjì fún ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ọmọ sùn lábẹ́ ahéré, ó dúró dè é kó jí. Kò gbọ́ rédíò.

Ká ní Agogo tilẹ̀ dákẹ́ ni, bóyá ì bá sàn. Ṣùgbọ́n ẹnu tí kò lè gbófo kò lè dákẹ́. Bí ó ti mọ̀ pé ọmọ wà láyọ̀, ó tún ké ìkéde náà. Ó ké e ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní, "Ọkùnrin oníbùbá aláwọ̀ ewé yẹn ṣì wà lójú ọ̀nà Ìdèrè o! Ẹ dí ọ̀nà! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó lọ! Ẹni tó bá bímọ nínú yín, ẹ dìde!" Lẹ́yìn náà ló yí ohùn padà, ó ní, "Ẹ má kúrò lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ bá ti Jímọ̀ dé, ìròyìn gbankọgbì kan ń dúró dè yín." Ó sì rẹ́rìn-ín ẹ̀rín rẹ̀.

Àwọn ọlọ́kadà tó wà ní oríta gbọ́ ọ. Bí ìrun ti ń lọ ní mọ́ṣáláṣí ni Àbdùlàhí yọ pẹ̀lú ọmọ níwájú àti iṣu lẹ́yìn. Wọ́n yí i ká. Ó ní, "Ọmọ àbúrò mi ni." Wọ́n bi ọmọ léèrè pé ta ni bàbá yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tó rí igi lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí ló lè sọ? Ó figbe ta. Igbe yẹn ló tó wọn. Àwọn tó ti mọ́ṣáláṣí dé tan rédíò, wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti rí ọmọ, ìlú hó bí Agogo ti fẹ́. Àbdùlàhí ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Ó kú kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

Tàófíìk tún mu omi. Ó sunkún díẹ̀, ẹkún tí kò dún.

"Ẹ̀yin rò pé èyí ló burú jù. Rárá. Èyí tó burú jù ni ti ọjọ́ kejì. Ẹ bi mí pé kí ló dé tí a kò tètè sọ ọ́. Mo jókòó sórí àga yìí, mo sì dáhùn pé ìyá ọmọ kò tètè pè wá. Mo ní ẹ̀yìn Jímọ̀ ló tó pè. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Apẹ́-kó-tó-pè. Ẹbí ọkọ rẹ̀ ní òun ló pa ọmọ àwọn, wọ́n gba Àmírà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Wọ́n fi lọ̀ mí, mo dákẹ́. Ìyá Àmírà, irọ́ ni mo pa mọ́ yín. Ẹ ti pè kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fóònù gbé ìròyìn kiri, ẹ fi mí ṣe àríkọ́gbọ́n..."

Fóònù dún. Moyọ̀sọ́rẹ gbé e, ó gbọ́ ohùn tó wà níbẹ̀, ó sì tì í sórí afẹ́fẹ́ láìbéèrè.

"Agogo." Ohùn obìnrin ni, kò ga. "Èmi Ṣàkírát ni. Ẹ má kìlọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀gẹ́ ni mò ń bó lọ́wọ́, ẹni tó jókòó tì mí ló tan rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, aago wo la wà yìí?"

Tàófíìk wo aago ara ògiri.

"Wọ́n ti ń pe ìrun níbí. Gbogbo ọkùnrin ti wà ní mọ́ṣáláṣí. Ìgbà tí ẹ fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́, ẹ ṣe é nígbà tí gbogbo ayé ń gbọ́. Ìgbà tí ẹ fẹ́ tún un ṣe, ẹ wá nígbà tí etí ò sí nílé. Èmi ò lè foríjì yín ní kọ̀rọ̀. Ẹ jókòó síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti Jímọ̀ dé, ẹ tún un sọ."

Ó pa fóònù. Òótọ́ ló sọ, Tàófíìk sì mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ọ̀fun ló jẹ́ kó gbé ètò náà ṣíwájú. Àní nígbà tó ń jẹ́wọ́, ó ṣì ń fara pa mọ́.

Moyọ̀sọ́rẹ tẹ bọ́tìnì tó ń gbé ohùn tirẹ̀ jáde. "Ẹ má kúrò lọ́dọ̀ wa," ni ó sọ, kò sì mọ̀ pé òun ń sọ ọ́ tí ó fi jáde lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún ìrun. Àwọn méjèèjì jókòó títí ìrun fi parí, tí ariwo ọ̀kadà fi gba títì, tí wọ́n sì mọ̀ pé rédíò ti ń tàn láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà.

Iná pupa tàn. Tàófíìk la ẹnu. "Ìyá Àmírà ti..." Ohùn rẹ̀ ya sí méjì. Ó mu omi, ó tún gbìyànjú, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó fi ọwọ́ lu tábìlì, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wo gíláàsì bí ẹni tí omi ń gbé lọ.

Moyọ̀sọ́rẹ wo bọ́tìnì tó wà níwájú rẹ̀. Ó tẹ ti ara rẹ̀.

"Èmi Moyọ̀sọ́rẹ, ọ̀gá ilé iṣẹ́ yìí, ni mò ń sọ̀rọ̀. Ìyá Àmírà pè kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo gbé fóònù. Mo jíṣẹ́ fún Agogo, ó ní ká fi pamọ́, mo sì bá a fi pamọ́. Kò pẹ́ kó tó pè. Àwa la pẹ́." Ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò yọ nǹkan kan.

Fóònù tí wọ́n gbé lẹ́yìn náà, láti Ìdèrè ló ti wá. Ohùn ìyá arúgbó ni, ó ń mí gulegule.

"Èmi ni ìyá Àbdùlàhí. Tàófíìk, èmi ò ní ọ̀rọ̀ í bá ọ sọ. Bóyá n ó ní in lọ́la, bóyá n ò ní ní in mọ́. Ìwọ obìnrin yẹn, ṣé ẹ ṣì ń bá èèyàn ké ìkéde?"

"A ń ké e, mà."

"Ẹ bá mi sọ fún Ṣàkírát pé kó máa bọ̀ nílé. Ẹ ní èmi ni mo ní kó máa bọ̀. Ọmọ rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà."

Moyọ̀sọ́rẹ kò dúró kí ìyá náà gbé fóònù sílẹ̀. Ó ké e lójú ẹsẹ̀.