Àtẹ́wọ́ Tíṣà Faransé

Rárá, Tíṣà, ẹ má gbé àga fún mi, mi ò wá jókòó. Ta ló kọ́ mi pé kí n máa pàtẹ́wọ́? Ṣé ìyá tó bí mi ni? Ẹ̀yin náà ni, nínú pálọ̀ yìí, ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ pe ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé kó yọ̀ lẹ́nu, àfi kó gé e sí sílébù, kó máa pàtẹ́wọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nous parlons, ọwọ́ mẹ́ta. Ils parlent, ọwọ́ méjì péré, torí pé lẹ́tà tó wà nídìí rẹ̀ yẹn, bí àlejò tí wọ́n pè síbi oúnjẹ tí wọn ò bù fún ni, ojú ń rí i, ẹnu kì í kàn án. Mo ní irú èdè wo rèé? Ẹ ní kí n ṣáà máa pàtẹ́wọ́.

Mo pàtẹ́wọ́ títí, Tíṣà. Nídìí bẹ́ẹ̀dì tí mò ń tẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì, mò ń pàtẹ́wọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ mí ní Ìyá Alátẹ́wọ́, mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín, torí mo mọ ohun tí mò ń lé. Ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń gbàlejò ni mò ń lọ.

Àná ni wọ́n wá dán mi wò. Ọ̀gá wa obìnrin fi Faransé bi mí pé kí làwọn àlejò máa ń bèèrè. Mo ní ils demandent, pá, pá, pá, níwájú imú ìyá oníyàá. Ó fà sẹ́yìn, ó ní ṣé ajá ni mò ń lé ni. Ẹ̀yin tí wọ́n pè pé kí ẹ wá bá wọn dán mi wò ńkọ́, tí ẹ jókòó tì í, tí táì fún yín lọ́rùn? Ó bi yín bóyá bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nìyẹn. Ẹ wòkè, ẹ ní, "Mi ò rírú ẹ̀ rí."

Ẹ tún un sọ kí n gbọ́. Ojú tì yín? Ojú tó tì yín ló wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi? Wọ́n ní ẹnu mi dáa, orí mi ni ò pé, kí n padà sídìí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú ló fata sẹ́nu.

Wọn ò tíì fi ẹnikẹ́ni sídìí tábìlì àlejò yẹn. Ọ̀gá wà ní ọ́fíìsì di ìrọ̀lẹ́, a jọ ń lọ ni, ẹ ó sì fẹnu ara yín sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Bí ẹ bá kọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ò ní í pẹ́ dé, ẹnu ọ̀nà ni n ó ti pàdé wọn.

Hẹn-ẹn, ẹ ti ń wá bàtà. Tíṣà, ẹsẹ̀ òsì lẹ ń kì bọ bàtà ọ̀tún yẹn. Ẹ farabalẹ̀, èmi kọ́ ni n ó jẹ yín. Ọ̀gá ni.