Apá Ràfátù Tí A Ní Kó Sinmi

Nígbà tí apá mi ṣì lè ju òkúta kọjá òrùlé ilé bàbá mi, ìlú Ọ̀jọ́ kò rí báyìí… Jókòó, Mọ́rẹ̀nikẹ́. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí o sọ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí à ń jẹun, pé ìwọ àti tíṣà yín fẹ́ yọ orúkọ Sùkúrà ọ̀rẹ́ rẹ kúrò lára àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún yín ní táàmù tó ń bọ̀, kí orúnkún rẹ̀ lè sinmi, àti pé ẹ kò ní sọ fún un… ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n pa abọ́ mi tì. Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi yòókù náà, ẹ súnmọ́ ibí, ẹ gbọ́.

Èmi náà ṣe eré rí. O ń rẹ́rìn-ín? Èmi tí mò ń di ògiri mú lọ sí balùwẹ̀ yìí náà ni. Ráúndàsì ni àwa ọmọbìnrin máa ń ṣe ní iléèwé. Àwọn ọkùnrin ló ni bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nígbà yẹn, ta ló máa jẹ́ kí ọmọbìnrin fẹsẹ̀ kan án? Ní ráúndàsì, òpó mẹ́rin la máa ń rì mọ́lẹ̀. Ẹnìkan á ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á sì sáré yí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká kí wọ́n tó gbé bọ́ọ̀lù dé. Ó tán. Ṣùgbọ́n gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ló wà. Bí ajùbọ́ọ̀lù yín bá dára, ẹ lè máa gba atẹ́gùn. Bí kò bá dára, ẹ ó sáré títí ẹ̀mí yín á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Ràfátù ni ajùbọ́ọ̀lù tiwa. Ọmọ apẹja kan ni, létí omi lọ́hùn-ún. Omi ló tọ́ apá rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń bá ìyá rẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́jà láàárọ̀ kó tó wá sí iléèwé. Kò sanra o. Tẹ́ẹ́rẹ́ ló rí. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀… Èmi ni mo máa ń dúró lẹ́yìn ẹni tó di igi mú, èmi ni mò ń gba bọ́ọ̀lù náà bí igi kò bá bà á. Àtẹ́lẹwọ́ mi ló mọ Ràfátù. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ á ta mí bí ìgbà tí agbọ́n bá ta ènìyàn. Omi tútù ni mo máa ń ki ọwọ́ bọ̀ kí n tó lè di kálàmù mú.

Kálàmù yẹn náà, iṣẹ́ mi ni. Mísì tó ń kọ́ wa ní eré, ará Ìjẹ̀bú, obìnrin kúkurú tí kì í rẹ́rìn-ín, ló fún mi ní ìwé ẹlẹ́yìn líle kan pé kí n máa ṣe akọ̀wé. Gbogbo nǹkan ni mò ń kọ síbẹ̀. Ẹni tó jù lónìí, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ẹni tí ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó wá. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Nínú ilé yìí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí yín, ta lẹ máa ń bi?

Ìgbà yẹn, owó epo rọ̀bì ti wọ ìlú. Wọ́n ti yí ọkọ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún. Katapílà ń wó igi àgbọn lulẹ̀ fún ọ̀nà tuntun tó lọ sí Àgbádárìgì, tírélà iyanrìn ń lọ, tírélà iyanrìn ń bọ̀. Níbi tí Ẹ́síteètì Ìbà wà yìí, oko gbágùúdá ni. Okokomáíkò tí ẹ kò lè sọdá títì rẹ̀ lónìí, a máa ń rìn án bí ẹni ń rìn nínú pálọ̀ ni. Sójà pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ogun ti parí, àwọn ọmọ wọn láti bárékè sì ń wá sí iléèwé wa. Bí a bá ń ṣe eré, àwọn sójà a máa wá wòran.

Bàbá Ràfátù náà máa ń wá. Kì í wọlé. Ẹ̀yìn wáyà ni yóò dúró sí, pẹ̀lú àwọ̀n léjìká. Lọ́jọ́ kan, Ràfátù ju mẹ́ta tẹ̀léra tí igi kò ba ọ̀kankan, sójà kan wá ní, “Bàbá, ọmọ ta nìyẹn?” Bàbá na apá tirẹ̀ síta láti inú àwọ̀n. “Wo eléyìí,” ló wí, “kí o tún wo tirẹ̀.”

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Àwọn ẹ̀gbọ́n Ràfátù méjèèjì, wọn kò dé ibi tó dé nínú ìwé kí wọ́n tó lọ sílé ọkọ. Ìyá mi bi Bàbá Ràfátù léèrè pé báwo ni ti Ràfátù ṣe jẹ́. Mo wà lẹ́yìn ògiri, mò ń fọ abọ́. Ó ní, “Ìyá Àdùkẹ́, ìwé tó ń kà, èmi ò rí i. Bọ́ọ̀lù tó ń jù, mo rí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́ nídìí bọ́ọ̀lù, mo mọ ibi tí mo máa mú un lọ.” Èmi Àdùkẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ọ. Mo fọ abọ́ mi tán, mo gbàgbé.

Ìparí ọdún ẹ̀kọ́ náà, a ní eré kan tó kẹ́yìn. Ràfátù ju bọ́ọ̀lù, mo gbá a mú… kò ta mí. Ó tún jù, kò ta mí. Mo ní, “Ràfá, kí ló ṣe ọ́?”

Ó ní, “Kí ló fẹ́ ṣe mí? Ọwọ́ tìrẹ ló ti yi bí awọ bàtà.”

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì mo rí i nídìí ẹ̀rọ omi, ọwọ́ òsì ló fi ń gbé garawa. Mo fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀ ọ̀tún, ó fò sókè. Ó ní bí mo bá sọ fún ẹnikẹ́ni, òun kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Mo sọ fún Mísì. Kí ni kí n ṣe? Kí apá náà já ni?

Lọ́jọ́ tí a máa gba ọlidé ìgbà òjò, Mísì pè mí sí kíláàsì, òjò ń rọ̀ lórí páànù, a jókòó láti ṣètò ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ sójà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Kọ́ḿfọ̀ọ̀tì. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, ẹ̀rù sì ń bà á kó má bu àgbà kù, ló bá ń pe gbogbo ayé ní “ẹ”. Ó sọ fún ewúrẹ́ níṣojú mi pé “ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kúrò lọ́nà.” Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì yẹn, nǹkan ni.

Mísì ní, “Kọ́ḿfọ̀ọ̀tì ni yóò máa jù ní táàmù kìíní. Kí Ràfátù sinmi pátápátá. Ní táàmù kejì, nígbà tí a bá ń lọ bá wọn figa gbága ní Àgbádárìgì, apá rẹ̀ á ti padà bọ̀ sípò. Òun ni yóò jù ú níbẹ̀.”

Mo ní, “Ṣé kí n sọ fún un, Mà?”

“Kí o sọ kí ni? Bí o bá sọ fún un, á ní apá kò dun òun, á sì máa sọ òkúta sí àgbọn ní gbogbo ọlidé. Jẹ́ kó rò pé a ti gbàgbé òun. Ìbínú á jẹ́ kó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Bí a bá wọlé, màá ṣàlàyé fún un fúnra mi.”

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi. Mo kọ ojú ìwé méjì. Ojú ìwé kìíní, táàmù kìíní: Kọ́ḿfọ̀ọ̀tì ló ṣáájú, kò sí Ràfátù. Ojú ìwé kejì, táàmù kejì: Ràfátù ló ṣáájú. Mo fa ìlà sí i nídìí. Ó dùn mọ́ mi nínú, bí ètò ṣe lọ létòlétò.

Wàyí o, àṣà iléèwé wa ni pé ọjọ́ tí a bá gba ọlidé, a máa ń fi orúkọ àwọn tí yóò ṣeré ní táàmù tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sílé gbogbo òbí, pẹ̀lú aṣọ búlúù tí télọ̀ yóò fi rán síkẹ́ẹ̀tì eré fún ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀. Èmi ni mo da orúkọ náà kọ. Ojú ìwé kìíní nìkan ni mo dà kọ, nítorí táàmù kìíní nìkan ni wọ́n ní kí n kọ ránṣẹ́. Ojú ìwé kejì wà nínú ìwé mi. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí àbúrò ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti lo gbogbo ọlidé náà.

Ọjọ́ tí mo padà dé, mo lọ sétí omi kí n tó tú ẹrù. Bàbá Ràfátù jókòó, ó ń tún àwọ̀n ṣe.

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ràfátù ńkọ́?”

“Ó ti lọ sílé ọkọ. Àgbádárìgì. Ọ̀gbẹ́ni tó ń wa tírélà iyanrìn yẹn. Ó ti ń tọrọ rẹ̀ tipẹ́.”

Mo ní, “Bàbá, a kò lé e o. A ní kó sinmi ni. Apá ló ń dùn ún.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àwọ̀n. Kò gbé ojú sókè. “Ta ni mo máa bi?” ló wí. “Wọ́n mú ìwé dé, kò sí aṣọ. Mo ní kí lèmọ́mù kà á fún mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Orúkọ rẹ̀ ló máa ń ṣáájú. Ọmọ náà ń sunkún, ó ní òun kò ṣe nǹkan kan. Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ kírun Jímọ́ọ̀, mo mú un dání lọ sí iléèwé yín. Àgádágodo la bá lẹ́nu ọ̀nà.”

Àgádágodo… Ẹ̀yin ní fóònù. Bí ẹnìkan bá sín ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ti gbọ́ ọ. Ìgbà yẹn, bí a bá ti ilẹ̀kùn iléèwé, ó ti tán nìyẹn títí a ó fi tún ṣí i.

Mo sọ fún Mísì. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn náà ó lọ sílé wọn, ó kúnlẹ̀ fún apẹja, òun tí gbogbo wa ń bẹ̀rù. Ṣé ẹni tí wọ́n ti fà lé ọkọ lọ́wọ́, wọ́n tún máa lọ gbà á padà wálé nítorí ráúndàsì?

Kọ́ḿfọ̀ọ̀tì jù ú ní táàmù kìíní, ó sì jù ú dáadáa. Kí táàmù kejì tó wọlé, wọ́n gbé bàbá rẹ̀ lọ sí Jọ́ọ̀sì. Sójà kò ní ilé. Mísì ṣí ìwé mi sí ojú ìwé kejì, ó wo orúkọ tó wà lókè, ó pa á dé. Ó ní, “Àdùkẹ́, ìwọ ni yóò jù ú.”

Èmi… Ẹ má béèrè bó ṣe rí. Àwọn ọmọ Àgbádárìgì gbá bọ́ọ̀lù mi wọ inú oko àgbọn, wọ́n tún dúró dè mí kí n wá a. Nígbà tó parí, mo gbé ojú sókè, mo rí obìnrin kan lẹ́yìn wáyà pẹ̀lú àtẹ ẹja yíyan lórí. Ràfátù ni. Bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń dúró gan-an ló dúró. Oyún ti yọ nínú rẹ̀.

Ó ní, “Ìwọ yìí, ṣé bọ́ọ̀lù lò ń jù ni àbí omi ìfọṣọ lò ń dà nù?”

Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì ń bọ̀. Ó sọ àtẹ kalẹ̀, ó gba ẹnu géètì wọlé. “Gbé e wá. Padà sẹ́yìn. Padà sí i.” Ó tún ìró rẹ̀ so, ó sì jù ú.

Ẹ wo ọwọ́ mi. Ibí yìí. Ó ta mí bí agbọ́n. Apá náà ti sàn. Ó ti sinmi, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ṣètò rẹ̀.

Mo mú ìwé jáde nínú àpò mi, mo ṣí ojú ìwé kejì hàn án. Ó fi ìka sórí orúkọ rẹ̀.

“Èmi ló ṣáájú,” ló wí.

“Ìwọ ló ṣáájú.”

“Ìgbà wo lo kọ ọ́?”

“Ọjọ́ tí a gba ọlidé.”

Ó wò ó pẹ́. “Ta lo fi hàn?”

Òun fúnra rẹ̀ ló pa ìwé náà dé, ó sì dá a padà fún mi. Ó ní kí n ran òun lẹ́rù. Mo gbé àtẹ lé e lórí, ó sì lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn, mo gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ kó wọn kọjá sí Kútọnu. Mi ò rí i mọ́. Títí di òní, mi ò rí i.

Ìwé náà wà nínú àpótí mi. Katapílà ti jẹ pápá tí a ti ń ṣeré, ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀ báyìí. Etí omi náà, wọ́n ti fi iyanrìn dí i. Ayé ti yí. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn ṣe rere fún ẹni lẹ́yìn ẹni, kó fi pa mọ́ sínú ìwé, ìyẹn kò tíì yí o.

Mọ́rẹ̀nikẹ́, ètò tí ìwọ àti tíṣà yín ṣe fún Sùkúrà, ta lo fi hàn? … Mo mọ̀ pé ó máa bínú. Jẹ́ kó bínú sí ọ lójúkojú. Kí ìyá rẹ̀ gbọ́, kí bàbá rẹ̀ gbọ́. Má tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Ilé wọn kò jìnnà, ilẹ̀ kò sì tíì ṣú.

Wọ bàtà rẹ.