Ìwé Tí Wọ́n Ní Ká Tẹ̀ka Sí

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjì kan, tí wọ́n ń bọ̀ láti ibi fìdáù olóògbé tíṣà kan tó máa ń kọ́ àwọn àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà.

Èyí tó kéré ní, "Àlàájà, ẹ má bínú, ara máa ń fu mí sí bàbá yẹn. Ta ni yóò fi ogún ọdún kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ láìní nǹkan tó ń wá? Èmi rò pé ìbò ni wọ́n ń wá."

Àlàájà ní, "Ara fu èmi náà. Mo ń kàwé lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì ń ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, àwọn kan gbé ìwé wá sọ́jà wa, wọ́n ní ká tẹ̀ka, àwọn fẹ́ bá wa tún ìsọ̀ wa ṣe. Mo ní kí n kà á ná. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé a ti yọ̀ǹda ìsọ̀ wa fún wọn. Mo kà á sókè, kò sẹ́ni tó tẹ̀ka. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ fipá gba ìsọ̀ náà, tíṣà ló bá wa dé kóòtù tá a fi jàre."

"Kí wá ni bàbá náà ń wá?"

"Mo bi í. Ó ní àtàǹpàkò tí bàbá òun tẹ̀ sórí ìwé tí kò lè kà ni wọ́n fi gba ilẹ̀ àwọn."